Ta Ló Pa Koríko Ọgbà Rélùwéè?

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n rí i pé koríko náà ti kú. Kí oòrùn ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó wọ̀, ẹni tí wọ́n ní ó pa á ti wà ní àtìmọ́lé. Bí gbogbo ẹjọ́ bá ń rọrùn báyìí, oorun ọ̀sán nìkan ni ọlọ́pàá ì bá máa sùn.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Ọjọ́rú, obìnrin kan kúnlẹ̀ sí igun ọgbà náà, ó fa koríko kan tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì gbé e súnmọ́ ojú bí ẹni tó fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Iṣẹ́ ló gbé e lọ sí ìlú mìíràn nígbà tí wọ́n mú afurasí. Bó ṣe dé báyìí, kò tíì délé tó fi gba ọgbà wá. Atọpinpin ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí pé bó bá bi ọ́ ní ìbéèrè kan tí o dáhùn, ìdáhùn rẹ yẹn ló máa fi bí ìbéèrè mìíràn.

Ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Géńdé, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kan sinmi lórí èkejì.

"Ọ̀gá, kí lẹ tún ń wá? A ti mú dẹ́rẹ́bà típà yẹn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ la ti rí dúróòmù epo. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe."

"Géńdé, wo ewé yìí. Ṣé epo wà lára rẹ̀?"

Géńdé fi àtàǹpàkò nu ewé náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Rárá o. Ó kàn pọ́n ni. Kò sí epo kankan lára rẹ̀."

"Wo gbòǹgbò rẹ̀."

Gbòǹgbò náà dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń rùn bí ọkọ̀ tó ti dẹnu kọlẹ̀ láti ayébáyé.

"Bí mo bá da epo lé ọ lórí," Atọpinpin béèrè, "ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ló máa kọ́kọ́ tutù?"

Atọpinpin kò dúró gba èsì. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù, ó sì rìn yí ibi tí koríko ti kú náà ká. Ibẹ̀ gùn, etí rẹ̀ sì tọ́ bí etí ibùsùn. Ilẹ̀ igun yẹn dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sápá gọ́tà, síbẹ̀ epo náà kò tẹ̀lé gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ó dúró sójú kan bí ẹni tó mọ ilé rẹ̀.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà," ó sọ ọ́ sínú, "ó ju èje lọ."

*

Kì í ṣe koríko lásán ni koríko ọ̀hún o. Láyé ọjọ́sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún orí ọkọ̀ rélùwéè ṣe. Nígbà tí rélùwéè kógbá sílé, ó kó àwọn ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó fi ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀ fún ará àdúgbò: epo dúdú tó ti mu ilẹ̀ yó, òjé inú bátìrì, àti àwọn pákó abẹ́ irin tí wọ́n ti fi ọ̀dà rẹ. Bí òjò bá rọ̀, omi ibẹ̀ á máa tàn yinrinyinrin, aláwọ̀ oríṣiríṣi, àyà gbogbo ìyá á sì máa já nítorí ọmọ. Àwọn ará àdúgbò bẹ káńsù títí, ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tó yá, wọ́n pa ẹ̀bẹ̀ tì. Wọ́n gba ilé dé ilé, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sì lọ jókòó síwájú ọ́fíìsì káńsù títí káńsù fi gbé kọngilá wá. Típà kó ilẹ̀ burúkú jáde, típà kó ilẹ̀ rere wọlé. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbin koríko, ìdílé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú apá tirẹ̀. Bí o bá rí bí wọ́n ṣe ń fi ibẹ̀ han àlejò, wàá ní ọmọ tuntun ni wọ́n gbé lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí i. Àfi bí epo dúdú ṣe yọ ní igun ìlà oòrùn. Káńsù sì ti fọhùn: bí ilẹ̀ náà kò bá mọ́, àwọn á da kọnkéré bo gbogbo rẹ̀, kí àwọn tírélà rí ibi máa gúnlẹ̀ sí.

*

Atọpinpin ní kí Géńdé mú òun lọ síbi tí ó ti rí dúróòmù. Gbangba ni, lẹ́yìn ibi tí típà máa ń gúnlẹ̀ sí, kò sí òrùlé, kò sí igi. Táyà àlòkù kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀, omi kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

"Ìgbà wo ni òjò rọ̀ kẹ́yìn?"

"Alẹ́ ọjọ́ Ajé. Òjò ńlá ni, Ọ̀gá. Díẹ̀ ló kù kó gbé bàtà mi lọ."

"Báwo ni dúróòmù náà ṣe wà?"

"Ó dúró ṣánṣán, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà yìí gan-an."

"Báwo lo ṣe gbé e dé àgọ́?"

Géńdé na àyà. "Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e! Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju epo díẹ̀ tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ lọ."

"Ọwọ́ kan." Atọpinpin fi ìka rẹ̀ kan omi inú táyà. "Òjò kan náà ló rọ̀ sí àwọn méjèèjì. Táyà mu omi yó, dúróòmù tó la ẹnu tì í gbààwẹ̀?"

Àyà tí Géńdé nà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Wọ́n gbé e síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ni."

"Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni epo yọ. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni òjò rọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni dúróòmù dé. Ta ló máa ń ta ọfà tán kó tó lọ wá ọrun?"

"Ó lè jẹ́ pé ibòmíràn ló kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ sí."

"Tó wá tibẹ̀ gbé e wá sẹ́yìn ọkọ̀ ara rẹ̀, kí ìwọ baà lè rí i? Òmùgọ̀ wà láyé, Géńdé, ṣùgbọ́n tiẹ̀ yìí á ti pọ̀ jù."

*

Alága ẹgbẹ́ àdúgbò ni ẹ̀gbọ́n ìyá Atọpinpin. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ọgbà náà, ó sì máa ń rán aṣọ pẹ̀lú ojú kan lórí ẹ̀rọ, ojú kejì lójú pópó. Bó ṣe rí ọmọ àbúrò rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ìwọ ọmọ yìí, wo bí o ṣe rù. Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ níbi tí wọ́n rán yín lọ ni?"

"Màmá, mo ti jẹun. Ẹ sọ ti dẹ́rẹ́bà yẹn fún mi."

"Jẹ́jẹ́?" Alága mí kanlẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni àdúgbò sọ dẹ́rẹ́bà náà, torí pé kò sí ìgbín tí kò lè bá típà rẹ̀ dúró sọ̀rọ̀. "Ọmọlúàbí ni. Ẹnu rẹ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun àti ọ̀gá alábòójútó iṣẹ́ tí káńsù gbé síbẹ̀ jọ fa ọ̀rọ̀. Ọ̀gá bú u lójú gbogbo wa, ni Jẹ́jẹ́ bá fi ìbínú sọ pé, 'Ọgbà yìí máa dójú tì ọ́!' Ẹyin lohùn. Nígbà tí epo wá yọ, kí la fẹ́ sọ?"

"Ta ló tún kórìíra ọgbà náà?"

"Onípákó. Orí ilẹ̀ yẹn ló ń to pákó rẹ̀ sí kí a tó ní kó kó o kúrò. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí i, ògiri ló máa ń wò. Wọ́n sì rí i láìpẹ́ yìí tó ń yọ́ gba ẹ̀yìn ọgbà ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dúdú minimini." Alága sún àga rẹ̀ síwájú. "Ohun tó dùn mí jù ni igun yẹn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí jáńgílófà àwọn ọmọ wà, lábẹ́ igi ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á nínú àwòrán. Ni ọ̀gá alábòójútó bá ní ká gbé e lọ sápá kejì."

"Nítorí kí ni?"

"Ó ní ìbòòji máa pọ̀ jù, àwọn ọmọ kò ní rí oòrùn. Mo ní, oòrùn wo? Oòrùn tí gbogbo wa ń sá fún yìí?"

Atọpinpin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí epo tó yọ ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ó ti pẹ́! A kò tíì gbin koríko nígbà yẹn."

"Màmá, irin jáńgílófà yẹn, ṣé ilẹ̀ ni wọ́n ń rì í mọ́?"

"Ṣé ojú ọ̀run ni wọ́n á rì í mọ́ ni? Ihò rẹ̀ jìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èmi pẹ̀lú gèlè mi mì."

*

Jẹ́jẹ́ jókòó ní àtìmọ́lé, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó wo Atọpinpin bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́.

"Ẹ kú àárọ̀, ọ̀gá dẹ́rẹ́bà," Atọpinpin kí i.

Ìkíni yẹn yà á lẹ́nu. Láti àná, kò sẹ́ni tó tún fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. "Ẹ kú àárọ̀, ọ̀gá."

"Ẹ̀yin lẹ da epo sọ́gbà?"

"Ọ̀gá, ilẹ̀ rere tó wà nínú ọgbà yẹn, ọkọ̀ mi ló gbé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ wá. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń rìn jẹ́jẹ́. Ilẹ̀ tí màmá mi àgbà ì bá fi gbin ẹ̀fọ́ ni mo gbé sẹ́yìn. Ṣé kí n máa gbọ̀n ọ́n dà sójú títì? Ìyàwó mi gbin koríko tirẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi han ọmọ wa lójoojúmọ́. Èmi náà ni màá tún lọ pa á?"

"Kí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti alábòójútó?"

"Òkúta ojú ọ̀nà ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ igun ìlà oòrùn díẹ̀ kí n lè yí. Ilẹ̀ rì lábẹ́ táyà mi, mo sì gbọ́ ìró kan, *gbàgà*, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ agolo. Ọ̀gá alábòójútó sáré wá, aṣọ funfun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó ń kígbe pé kí n kúrò níbẹ̀. Mo ní, 'Ọ̀gá, nǹkan kan wà nísàlẹ̀ ibí.' Ni ó bá sọ mí di wèrè lójú gbogbo ènìyàn."

"Ṣé ẹ sọ fún àwọn tó mú yín?"

Jẹ́jẹ́ wo Géńdé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Wọn kò béèrè."

Géńdé yí ojú sí òrùlé.

*

Bó ti wù kó rí, Atọpinpin kì í fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ láìkàn. Ó gba ọ̀dọ̀ onípákó lọ. Ọkùnrin náà ń rẹ́ igi lọ́wọ́. Bó ṣe rí ọlọ́pàá, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ẹran jẹ.

"Ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín, Bàbá."

Ó nà án síta. Ó dúdú títí dé ọrùn ọwọ́.

"Epo kí nìyí?"

"Epo tí mo fi ń pa igi ni. Kí ikán má baà jẹ ẹ́."

"Kí lẹ ń wá lẹ́yìn ọgbà ní ìrọ̀lẹ́?"

Géńdé sún mọ́ ọn. Onípákó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ ìpànìyàn: "Bí mo bá fi hàn yín, ẹ ò ní sọ fún Alága?"

Ó mú wọn lọ sẹ́yìn ilé ìkẹ́rù rẹ̀, ó ká tapólì kan kúrò. Bẹ́ǹṣì ńlá kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, igi pupa tó le, ìdí rẹ̀ kún fún ọ̀nà tó fi ọwọ́ gbẹ́: orí ọkọ̀ rélùwéè, táyà onírin rẹ̀, àti èéfín tó ń gòkè lọ títí tó fi di ewé.

"Lórí ilẹ̀ yẹn ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́," ó wí. "Ó tún ọkọ̀ ṣe títí àyà rẹ̀ fi bàjẹ́. Mo ti sọ̀rọ̀ burúkú sí àwọn èèyàn yìí nípa ọgbà wọn, ojú ń tì mí láti wá sọ pé mo fẹ́ fi ọwọ́ kún un. Mo kàn ń lọ wọn ibi tó máa jókòó sí ni. Mo fẹ́ kí wọ́n jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n bá a níbẹ̀."

Géńdé fi ọwọ́ pa èéfín tó di ewé yẹn. Atọpinpin tẹrí ba díẹ̀. "Bàbá, ọwọ́ yín mà mọ́ o," ó wí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀hún ṣì dúdú minimini.

Bí wọ́n ṣe jáde, fóònù rẹ̀ dún. Onímọ̀ ilẹ̀ ni, ọ̀dọ́bìnrin tó máa ń yẹ ilẹ̀ ọgbà náà wò fún káńsù.

"Àǹtí, èsì àyẹ̀wò epo méjèèjì ti dé. Epo inú dúróòmù jẹ́ epo ẹ́ńjìnnì tuntun, èyí tí wọ́n ń tà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Epo inú ilẹ̀ ti gbó, ìpẹtà irin kún inú rẹ̀. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà rárá."

"Kí ló dé tí o kò gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn?"

"Mo fẹ́ gbẹ́ ẹ. Ọ̀gá alábòójútó ní kí n má ba ẹ̀rí ọlọ́pàá jẹ́."

"Ó mà rántí wa gan-an o," Atọpinpin wí.

*

Ọ̀gá alábòójútó gbà wọ́n tọ̀yàyà-tọ̀yàyà ní ọ́fíìsì rẹ̀ tí wọ́n fi pákó kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Aṣọ rẹ̀ funfun báláú, kò sí ẹni tó mọ bó ṣe máa ń ṣe é tí eruku kì í fi í kàn án. Lára ògiri, àwòrán àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe parí tò lọ rẹrẹ: afárá, ilé ìwé, ọ̀nà.

"Kò sí èyí tí mo parí lẹ́yìn ọjọ́ tí mo dá nínú wọn," ó wí. "Kò sí ẹyọ kan."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ta lẹ rò pé ó da epo yìí?"

"Ẹ ti mú un."

"Mo fẹ́ gbẹ́ igun yẹn wò lọ́la."

Ọwọ́ rẹ̀ tó ń to ìwé sórí tábìlì dúró. "Kò wúlò. Epo òkè ni. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ òkè kúrò, ẹ da tuntun sí i, ó tán."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rò, sà," Atọpinpin dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa dúró tì í."

Bí wọ́n ṣe jáde, Géńdé sọ ọ́ wẹ́lẹ́: "Ọ̀gá, òun ni. Kí la ń dúró dè?"

"A mọ̀ ọ́n. A kò tíì lè fi hàn. Bí a bá mú un lónìí, á ní òun kò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀, pé rélùwéè ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ̀."

*

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àdúgbò pé sọ́gbà. Alága dúró níwájú, gèlè rẹ̀ le kankan. Ọkùnrin kan tí káńsù rán wá wà níbẹ̀, ó ń wo aago. Ọ̀gá alábòójútó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú aṣọ funfun rẹ̀. Katapílà súnmọ́ igun ìlà oòrùn, ó gbé apá irin rẹ̀ sókè, ó dúró gẹ́gẹ́ sórí ibi tí koríko ti kú.

"Ẹ súnmọ́ ọn dáadáa kí ẹ lè ríran!" Atọpinpin ké sí wọn.

Àwọn ènìyàn sún síwájú. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Apá irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Òógùn yọ lójú ọ̀gá alábòójútó. Ó wo apá irin náà, ó wo Alága, ó wo obìnrin kan tó pọn ọmọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága.

"Ẹ dúró!" Ó sáré bọ́ síwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ má fi irin kan ibẹ̀! Epo ṣì kún inú rẹ̀, bó bá ta iná pẹ́nrẹ́n ó máa gbiná! Ẹ kó àwọn ènìyàn yìí kúrò!"

Ẹ́ńjìnnì kú.

"Inú kí ni, sà?" Atọpinpin béèrè.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ṣì nà síta, ó wá mọ ohun tí ẹnu òun ti ṣe fún òun.

"Ẹ jẹ́ n bá yín sọ ọ́," Atọpinpin wí. "Táǹkì epo rélùwéè wà lábẹ́ ibí. Ẹ rí i nígbà tí ẹ ń gbẹ́ ilẹ̀ burúkú jáde, ẹ sì bò ó. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbé jáńgílófà lọ, torí ihò rẹ̀ máa kan irin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, típà Jẹ́jẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó ya, epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè gba ìdí koríko. Ẹ sọ ọ́ di ẹjọ́ ẹni tó da epo sílẹ̀. Dúróòmù tí ẹ fi di ẹrù ẹ̀sùn ru Jẹ́jẹ́, ẹ gbé e síbẹ̀ lẹ́yìn òjò, ẹ kò rántí bu omi sí i."

Ọ̀gá alábòójútó jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. "Yíyọ táǹkì yẹn á ti sún ọjọ́ wa síwájú," ó wí. "Mi ò pẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ rí. Mo ní, ilẹ̀ rere á bò ó mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nígbà tí koríko kú, ẹ̀rù bà mí. Jẹ́jẹ́ nìkan ló ti gbọ́ ìró yẹn."

"Ẹ wá fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n di ẹnu rẹ̀." Atọpinpin na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde. "Katapílà yẹn kò ní kan ilẹ̀, sà. Mo ti bá ẹni tó ń wà á sọ ọ́. Mo mọ̀ pé irọ́ lẹ pa, mo sì mọ̀ pé ẹ kò lè dúró kí ẹ máa wò kí ìyá ọmọ jóná. Ohun rere tó kù nínú yín ló mú yín, kì í ṣe èmi."

Géńdé mú un lọ. Kò na àyà lọ́tẹ̀ yìí.

Ọkùnrin káńsù náà gbin, ó gbọn orí. "Ó ṣeni láàánú. Táǹkì tó ya, epo tó tún wọ ilẹ̀… Kọnkéré ló máa rọrùn jù. Ká bò ó, kí ọ̀rọ̀ tán."

Alága yípadà sí i. Kò pariwo. Ohùn tó fi ń bá oníbàárà tó fẹ́ kí aṣọ tó kéré di ńlá sọ̀rọ̀ ló lò.

"Ọ̀gá, rélùwéè bò ó. Alábòójútó yín bò ó. Ẹ̀yin náà ti fẹ́ bò ó báyìí. Ibi tí bíbò gbé wa dé lẹ ń wò yìí. Àwa la gbé gbogbo ìyókù ilẹ̀ yìí dìde, onímọ̀ yín sì fọwọ́ sí i pé ó mọ́. Igun kan ló kù. Ṣé igun kan ló máa rẹ̀ wá? A ó sún ọjọ́ tí a fẹ́ ṣí ọgbà síwájú. A ó yọ ọ́ tìdí-tìdí. Bí koríko bá kú lẹ́ẹ̀mẹwàá, a ó gbìn ín lẹ́ẹ̀mọ́kànlá."

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ látẹ̀yìn. Onípákó ni. Bí gbogbo ojú ṣe yí sí i, ó wo ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ àtẹ́wọ́ dúró, àwọn yòókù sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Onímọ̀ ilẹ̀ bọ́ síwájú, ó ní òun fọwọ́ sọ̀yà pé bí wọ́n bá yọ táǹkì, tí wọ́n sì kó ilẹ̀ àyíká rẹ̀ jáde, igun náà á mọ́ bíi tàwọn yòókù. Ọkùnrin káńsù wo àwọn ènìyàn náà lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó fi aago rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ yọ ọ́," ó wí.

Atọpinpin fúnra rẹ̀ ló lọ ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé. Ó kúnlẹ̀ níwájú Jẹ́jẹ́, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára.

"Ẹ má bínú sí wa, ọ̀gá dẹ́rẹ́bà. A mú yín kí a tó ronú. Kí lẹ fẹ́ kí a ṣe fún yín?"

Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ gbé e dìde. Ó ronú díẹ̀.

"Táǹkì yẹn," ó wí. "Èmi ni mo fẹ́ gbé e jáde. Ní ọ̀sán gangan, gba ojú pópó."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Lẹ́yìn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ti fa epo inú rẹ̀ gbẹ, tí wọ́n ti fọ inú rẹ̀ mọ́, katapílà gbé táǹkì náà jáde, ó dúdú, ó pẹtà, ó gùn bí ilé yàrá kan, wọ́n sì dè é mọ́ ẹ̀yìn típà. Alága gòkè jókòó síwájú láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ìyàwó Jẹ́jẹ́ gbé ọmọ wọn lé ẹsẹ̀, ó jókòó tì í. Atọpinpin bọ́ sí àárín pópó, ó na ọwọ́, ó sì dá gbogbo ọkọ̀ dúró lọ́tùn-ún lósì. Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ kan yọ orí lójú fèrèsé, ó ní kí ló dé, ṣé ọba ló ń kọjá ni?

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ," Atọpinpin dáhùn.

Típà náà jáde ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó ń fun fèrè. Àwọn tó ń rán aṣọ dá ẹ̀rọ dúró, àwọn tó ń gẹ irun jáde tàwọn toníbàárà tó gẹ irun dé ìlàjì. Wọ́n tò sétí ọ̀nà, wọ́n ń hó. Ọmọ Jẹ́jẹ́ tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, bàbá rẹ̀ kò sì dí i lọ́wọ́. Ó ń wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò ríran.